Ìtẹ́lẹ̀ fún àga àgọ́: bí mo ṣe ń fi àpò ìrẹsì rán an

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ rì. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí lé àga ni, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo àwọn àgùntàn tó ń jẹ̀ lókè ọ̀hún. Kí n tó yíjú padà, àga ti dà wọ́n sẹ́yìn, tíì gbígbóná ti dà sí wọn lọ́rùn ọwọ́, ẹsẹ̀ àga náà sì ti wọlẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan gbáko. Longshaw la wà, lẹ́yìn ìlú Sheffield níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni ọdún 68 ni Màmá nígbà yẹn. Mo dúpẹ́ pé wọn ò dá léegun, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn bó, wọ́n sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé àwọn ò tún jókòó sórí àga yẹn mọ́ láé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúnkún wọn ò gbà kí wọ́n rìn ju ogún ìṣẹ́jú lọ láìsinmi, ibi tí a sì fẹ́ràn láti máa lọ, kò sí bẹ́ńṣì níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí ìyá mi máa bá èmi àtàwọn ọmọ jáde ní Sátidé, àfi kí n wá nǹkan ṣe sí ẹsẹ̀ àga. Mo ti rán ìtẹ́lẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn aṣọ tí a ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga kó má bàa rì, láti ìgbà náà, fún ara wa àti fún àwọn ará ìjọ wa tó máa ń bá wa rìn. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn ló dára jù. Bí mo ṣe rán àwọn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tó ń mú àga rì

Irú àga tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n fi ọ̀pá alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, tí okùn rọ́bà gba inú ọ̀pá náà kọjá, tí a ń fi aṣọ ìjókòó há orí ọ̀pá mẹ́rin. Tí ẹ bá tú u palẹ̀ tán, inú àpò tí kò ju fíláàsì lọ ló máa wọ̀. Tèmi ò pé kílò kan. Ohun tó mú un fúyẹ́ yẹn náà ló mú un rì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà kékeré kan bí ìdérí ìgò ló sì wà lẹ́nu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàtà ni mò ń pe rọ́bà yìí.

Mo wọn bàtà náà. Sẹ̀ńtímítà 2.2 ni láti etí kan dé èkejì. Ojú ibi tó fi ń kan ilẹ̀ ò pé sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin 4. Tí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, bíi 15 ni. Màmá wọn kílò 70. Sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ń gbé ju kílò 4 lọ nìyẹn, ti ẹ̀yìn á sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá fẹ̀yìn ti àga, torí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ẹ wá fi wé bàtà ẹsẹ̀ wọn: ẹyọ bàtà kan ń kan ilẹ̀ níbi tó fẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ àga kan lọ ní bí ìlọ́po ogójì. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi rìn débẹ̀ tí wọn ò rì, tí àga sì rì lábẹ́ wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ní tiẹ̀. Lórí àwọn òkè Peak District, àgbègbè olókè tí Longshaw wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní peat. Koríko tí kò jẹrà tán ló kóra jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tó fi di ilẹ̀, ó sì ń fa omi mu bíi kànrìnkànrìn. Lójú, ó dà bí ilẹ̀ gidi. Ẹ fi igi tín-ín-rín gún un, ó wọlé.

Iṣẹ́ ìtẹ́lẹ̀ ni láti so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹsẹ̀ kankan má lè dá rì. Bí ẹsẹ̀ kan bá fẹ́ wọlẹ̀, ó di dandan kó fa aṣọ lọ́wọ́, aṣọ náà á sì tẹ ilẹ̀ níbi tó fẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo aṣọ ló ń gbé ẹrù náà dọ́gba. Abẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìyẹn tó. Ohun kan ṣoṣo ló máa bà á jẹ́: kí aṣọ náà dẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tó dẹ̀ ò yàtọ̀ sí kí ẹ má tẹ́ nǹkan kan, torí ẹsẹ̀ á máa rì títí aṣọ á fi tó le, ìgbà yẹn àga á ti wọ́.

Ibí yìí gan-an ni mo ti kùnà nígbà àkọ́kọ́. Mo gbé àga kalẹ̀ nínú pálọ̀, mo fi téèpù wọn àárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, mo gé tapólì, mo lu ihò sí igun mẹ́rin, mo fi okùn so ó. Ó ṣe rẹ́gí. Nígbà tí mo jókòó lé e nínú ọgbà, ó já ní igun kan, ó sì dẹ̀ ní igun kejì. Màmá wà lórí àga ìjókòó wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń wò mí tipẹ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èèyàn wà lórí ẹ̀ nígbà tó o wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Òfìfo ni mo wọ̀n."

Wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Télọ̀ ni ìyá mi. Ogójì ọdún ni wọ́n fi rán aṣọ ní Ìtokò, l'Abẹ́òkúta, lórí maṣíìnì Butterfly aláfẹsẹ̀tẹ̀. Bí oníbàárà bá wá rán ṣòkòtò, tó nàró pé kí wọ́n wọn òun, wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n níbi tó dúró, wọ́n á wá ní, "Ẹ jókòó ná," wọ́n á sì tún ìdí wọ̀n. Ìdí ẹni tó jókòó fẹ̀ ju ìdí ẹni tó dúró lọ, ẹni tí a bá wọ̀n ní ìdúró nìkan, ọjọ́ òde ni ṣòkòtò máa ya mọ́ ọn nídìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga yìí. Tí èèyàn bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ya síta. Òfìfo àga ò sọ òtítọ́ fún yín.

Aṣọ tí ẹ máa lò

Tapólì mi àkọ́kọ́ wọn gíráàmù 142 lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ìyẹn pọ̀ jù fún nǹkan tó máa wà nínú báàgì ẹ̀yìn tí omi, oúnjẹ àti aṣọ òjò ọmọ méjì ti kún. Aládùúgbò wa kan tó ń kọ́lé fún mi ní àjẹkù Tyvek, ìyẹn bébà-aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé ara ilé lábẹ́ bíríkì. Ó fúyẹ́, kò gba omi, kò sì rọrùn láti ya. Tí ẹ bá rí i, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn, ó máa yọ́. Èmi ò fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Tí Màmá bá ti ń sún ẹsẹ̀ wọn, ó ń dún wàràwàrà bí ìwé, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ẹyẹ.

Báńnà tún wà nílé, èyí tí a tẹ̀ fún ìsìnkú Bàbá, tó ní àwòrán wọn gàgàrà. Ó nípọn, ó lágbára, ẹnìkan nínú ilé sì dábàá pé ká gé e. Màmá ní ojú Bàbá kọ́ ni a máa fi tẹ́ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti jókòó lé. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, báńnà wúwo ju tapólì lọ.

Àpò ìrẹsì ló wá gbayì. Èyí tí mo lò jẹ́ ti kílò 20, láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Spital Hill. Ọ̀rá ni wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wá hun ún ní òró àti ìbú bí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń hun aṣọ òkè, ìyẹn ló fi lágbára tó báyẹn láìwúwo. Kò gba omi sára, kò sì ń jẹrà. Àbùkù rẹ̀ ni oòrùn. Ẹ̀yin náà ti rí àpò ìrẹsì tí wọ́n fi di ojú fèrèsé, tó ṣe ọdún kan lóòrùn tó wá ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Fún ohun tí a ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí a sì ń ká padà, kò séwu.

Ẹ fọ àpò náà dáadáa kí ẹ tó gé e, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó kù sínú rẹ̀ ló ń pe èkúté wọlé. Ẹ sá a síbi òjìji. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ la ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Àpò kan máa tó ìtẹ́lẹ̀ méjì.

Fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ nílò aṣọ tó le ju ìyẹn lọ, torí ibẹ̀ ni bàtà àga á ti máa lọ̀ ọ́. Báàgì ìléèwé ọmọ mi tó ti gbó ni mo tú. Aṣọ ìsàlẹ̀ báàgì yẹn, tó ti fara da ilẹ̀ kíláàsì fún ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tó dára jù ú lọ. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí a fi ń fún báàgì mọ́ra, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 2, ẹ gé ìyẹn pamọ́ pẹ̀lú, a máa lò ó.

Òwú políẹ́sítà ni kí ẹ lò. Òwú kọ́tìn á jẹrà nínú ọ̀rinrin, òwú á já nígbà tí aṣọ ṣì le.

Ìwọ̀n: èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí gbà

Ẹ tú páálí ńlá kan pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ tó dán, táìsì tàbí pákó, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì á di ẹsẹ̀ àga mú, kò ní jẹ́ kó yà bó ṣe yẹ. Ẹ gbé àga sórí páálí náà. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yí bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Wàyí, kí ẹni tó ni àga jókòó, kó sún ẹ̀yìn kan àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó gan-an, kó sì mí. Ẹnì kejì á kúnlẹ̀, á tún fi pẹ́ńsù aláwọ̀ mìíràn yí bàtà ká. Ẹni tó jókòó ò gbọdọ̀ tẹ̀ wò. Tó bá tẹ̀ síwájú, ẹrù ti kúrò lẹ́yìn nìyẹn, ìwọ̀n á sì yí.

Ẹ wọn láti etí ìta bàtà kan sí etí ìta èkejì. Ti Màmá rèé: iwájú sẹ̀ńtímítà 37 lófìfo, 39 nígbà tí wọ́n jókòó. Ẹ̀yìn 31, ó di 32.5. Ẹ̀gbẹ́ 33, ó di 34.5. Ẹ rí i pé iwájú fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, nítorí náà ìtẹ́lẹ̀ yín ò ní jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Àga míràn lè dọ́gba. Ẹ má fi ti Màmá rán tiyín.

Tí ẹ bá ti ní ìwọ̀n ẹni tó jókòó, ẹ yọ sẹ̀ńtímítà kan nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Màmá di 38 níwájú, 31.5 lẹ́yìn, 33.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ó ṣì tóbi ju ti òfìfo lọ, ẹsẹ̀ á rọrùn láti wọ̀ ọ́, àmọ́ ó kéré ju ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ yà dé, torí náà gbàrà tí wọ́n bá fìdí lélẹ̀, aṣọ á le gbagidi bí awọ ìlù. Bí àga yín ò bá yà tó bẹ́ẹ̀, tí yíyọ sẹ̀ńtímítà kan bá mú un kéré ju òfìfo, ẹ mú àárín ìwọ̀n méjèèjì. Tí ẹni tó wúwo àti ẹni tó fúyẹ́ bá jọ ń lo àga kan, ti ẹni tó fúyẹ́ ni kí ẹ wọ̀n. Aṣọ tó le díẹ̀ jù lábẹ́ ẹni tó wúwo ò burú. Èyí tó dẹ̀ lábẹ́ ẹni tó fúyẹ́ ló burú.

Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n yẹn. Pátánì yín nìyẹn. Kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára.

Gígé àti rírán

Ẹ gbé pátánì sórí àpò ìrẹsì kí etí iwájú rẹ̀ tẹ̀lé ìhun àpò náà, kó má dábùú. Ẹni tó bá ti rán bùbá rí mọ̀ pé aṣọ tí a fà láti igun sí igun ń nà, èyí tí a fà ní òró tàbí ní ìbú kì í nà. Ẹ fi sẹ̀ńtímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́tí, kí ẹ tó gé.

Bí ẹ bá gé e báyìí, òwú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kíá. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ fa etí aṣọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ iná, kì í ṣe nínú rẹ̀, ní ìwọ̀nba tó fi máa kú mọ́ra. Kó má jó, kó kàn yọ́ díẹ̀. Èéfín rẹ̀ ò dára fún ọmọdé, ẹ lé wọn jáde. Mi ò fi èyí ṣeré torí pé òwú ọ̀rá tó bá tú sórí òkè, ibẹ̀ ló máa wà títí lẹ́yìn tí àwa ti lọ ilé.

Ẹ má fi pín-ìnnì gún un. Ihò tí pín-ìnnì bá dá lu ọ̀rá ò ní pa dé mọ́. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni mo fi ń dì í mú.

Ẹ wá dé igun, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Ẹ gé aṣọ báàgì sí onígun mẹ́rin mẹ́jọ, sẹ̀ńtímítà 8 sí 8. Mẹ́rin á wà lábẹ́, ìyẹn ni a máa rán mọ́ ojú aṣọ tó kọjú sí ilẹ̀, ní igun kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin yòókù, ẹ ṣẹ́ wọn po láti igun sí igun kó di onígun mẹ́ta onípele méjì. Ẹ gbé onígun mẹ́ta yìí lé òkè igun ìtẹ́lẹ̀, kí ojú tí ẹ ṣẹ́ po kọjú sí àárín, kí etí méjì tó kù bọ́ sábẹ́ ìṣẹ́tí. Bí òkè sìlípáàsì ṣe ń bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹsẹ̀ àga á ti inú rìn bọ̀ sínú igun, ọ̀pá á sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa gbàgbé ni pé bàtà àga ga, kì í ṣe àwòrán lórí páálí. Tí ẹ bá rán onígun mẹ́ta náà pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀, bàtà ò ní wọlé dé igun, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ fara balẹ̀ wọ̀n á sì di òfo. Ẹ jẹ́ kí òkè rẹ̀ tú díẹ̀, kó gbé sókè. Kí n tó rán an, mo máa ń fi pẹ́ẹ̀gì dì í, mo sì máa ń ti ẹsẹ̀ àga bọ̀ ọ́ wò. Ó máa wọlé tí ẹ bá fún un, kò sì gbọdọ̀ máa mì nínú ibẹ̀.

Ṣáájú kí ẹ tó pa igun dé, ẹ na bẹ́líìtì pẹlẹbẹ yẹn láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, kí ẹ na ìkejì sí apá kejì, kí wọ́n gba ara wọn kọjá láàárín, lábẹ́ aṣọ. Èmi ò fi èyí sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, aṣọ ti nà láti igun sí igun bí Màmá ṣe sọ pé ó máa nà, àga sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn kì í nà. Ẹ rán orí rẹ̀ mọ́ igun kọ̀ọ̀kan dáadáa, ẹ rán ibi tí wọ́n ti pàdé, kò nílò kí ẹ rán ààrin ọ̀nà.

Ẹ wá ṣẹ́ etí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, sẹ̀ńtímítà kan àtààbọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, kó bo etí onígun mẹ́ta àti orí bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, kí ẹ rán an yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ gùn, mìlímítà 4. Ẹni tó bá fẹ́ kó lágbára tó wá rán an ní wẹ́wẹ́, ó ń lu ihò tó sún mọ́ra lára ọ̀rá ni, ibẹ̀ ló sì máa ya bí ẹni ya sítáńbù. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni mo lò. Igun nípọn débi tí maṣíìnì kékeré mi ń kùn, mo fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ níbẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan sí òmíràn. Ẹni tí kò ní maṣíìnì lè fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ rán ìkẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní ọjọ́ méjì, ojú abẹ́rẹ́ wọn padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú, òun ló sì lágbára jù nínú gbogbo wọn.

Tí ẹ bá fẹ́, ẹ so okùn rọ́bà tín-ín-rín kan mọ́ ẹnu onígun mẹ́ta ẹ̀yìn méjèèjì, tó máa há ọ̀pá mọ́ra. Kì í ràn án lọ́wọ́ láti má rì. Ó kàn jẹ́ kí ìtẹ́lẹ̀ tẹ̀lé àga nígbà tí ẹ bá gbé e sún síbòmíràn ni.

Ìkẹfà wọn gíráàmù 54.

Ẹ dán an wò nílé

Ẹ da gárawá omi méjì sójú kan nínú ọgbà lálẹ́, tó bá di òwúrọ̀ ẹ gbé àga síbẹ̀ láìsí ìtẹ́lẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wọn bó ṣe rì tó. Ẹ gbé e sún díẹ̀, ẹ wọ ìtẹ́lẹ̀ sí i, ẹ tún jókòó. Nínú ọgbà wa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rì tó sẹ̀ńtímítà 9 láìsí ìtẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ó kàn tẹ ilẹ̀ wọnú ni, kò pé sẹ̀ńtímítà kan. Nígbà tí èèyàn ṣì wà lórí àga, kí ẹlòmíràn fi ìka ta àárín aṣọ. Tó bá dún, ó dára. Tó bá rọ̀, ẹ tú ìṣẹ́tí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ dín in kù.

Ẹ má tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó dagun. Ọ̀rá lórí koríko tútù ń yọ̀, tí ẹsẹ̀ àga bá sì ti so pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa jọ yọ̀ lọ. Èyí ká mi lára ju rírì lọ, pàápàá fún àgbàlagbà. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, bí kò bá sí, ẹ máa lọ. Lórí òkúta ẹ bọ́ ọ kúrò, kò wúlò níbẹ̀, òkúta á sì jẹ ẹ́. Ẹ má gbé sítóòfù sórí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ míràn sì wà tí ìtẹ́lẹ̀ kankan ò lè gbà sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé àga kalẹ̀, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Tí omi bá yọ yí bàtà yín ká, ibẹ̀ kọ́ ni. Lórí Kinder Scout, òkè kan ní Peak District tó ga mítà 636, a ti bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé, irú koríko kan tí wọ́n ń pè ní sphagnum tutù yọ̀yọ̀ bo ojú rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkè náà ń gbin koríko yìí padà, torí òun ló ń di omi mú tí ilẹ̀ dúdú yẹn kì í fi í gbẹ kó sì ṣàn lọ. A ò jókòó sórí rẹ̀. A rìn padà sí ojú ọ̀nà, mo sì tẹ́ àga fún Màmá lórí yanrìn líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ní Èkó ti rán tiẹ̀ báyìí fún etíkun, àpò ìrẹsì kò sì ṣòro rí níbẹ̀. Àga tirẹ̀ ni oní-irin ńlá tó ní àyè ife lápá, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba ara wọn kọjá. Irú yẹn ń yà ju tèmi lọ nígbà tí èèyàn bá jókòó, ó fi sẹ̀ńtímítà 4 yàtọ̀ ní iwájú, nítorí náà ẹni tó ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí mo sọ lókè yẹn. Ó fi aṣọ jíǹsì tó gbó ṣe igun tirẹ̀. Yanrìn ń wọ inú igun, ó ń gbọ̀n ọ́n nù.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ẹ gbé e kọ́ síbi òjìji títí á fi gbẹ, kí ẹ tó ká a sínú àpò àga. Ẹ máa yẹ igun ẹ̀yìn méjèèjì wò lóṣooṣù, àwọn ló ń tètè gbó. Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, aṣọ abẹ́ igun ẹ̀yìn ọ̀tún ti Màmá ti lù. Mo tú ojú abẹ́rẹ́ igun yẹn nìkan, mo fi aṣọ báàgì míràn dí i, ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ní Sátidé kejì, a tún wà ní Longshaw, Màmá jókòó sórí àga náà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ife tíì wọn wà lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.